Ìrókò Ẹ̀yìnkùlé Wa

Káfíńtà ni mí. Lọ́dún tó kọjá, ikán jẹ ilẹ̀kùn ojúbọ ilé wa títí ó fi wó. Àwọn bàbá wa pè mí, wọ́n ní, "Ṣebí ìrókò wà lẹ́yìnkùlé? Gé e, kí o fi ṣe òmíràn." Wọn ò ta aṣọ funfun mọ́ ìrókò yẹn nídìí rí, wọ́n ní igi lásán ni.

Wọn ò kúkú jẹ̀bi. Orúkọ tí àwa Yorùbá ń pè é náà ni àwọn oníṣòwò pákó lókè òkun ń pè é, torí pé igi iyì ni. Inú rẹ̀ dà bí oyin nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là á, bó bá pẹ́ a máa dúdú sí i. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, òjò kì í tètè mú un jẹrà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé, àga àti ọkọ̀ ojú omi.

Ṣùgbọ́n funfun abẹ́ èèpo rẹ̀ kò lágbára bẹ́ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣe ilẹ̀kùn tó wó yẹn nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Pákó funfun ni mo rà torí ó pọ́kú. Ojú tì mí. Ẹ wo àwọ̀ pákó dáadáa kí ẹ tó sanwó o! Nígbà mìíràn òkúta funfun máa ń wà nínú ìrókò, a máa ba eyín ayùn jẹ́. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ náà a máa yún ni lójú, nímú àti lára. Ẹ fi aṣọ bo imú.

Mo dá àwọn bàbá lóhùn pé, "Ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ rí àwọn àdán tó ń wá síbẹ̀ lálẹ́? Èso ni wọ́n ń wá jẹ, àwọn ló sì ń gbé irúgbìn rẹ̀ káàkiri. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, abo nìkan ló ń so. Abo ni tiwa yìí. Èmi ò mọ òmíràn ládùúgbò."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dákẹ́ títí, ó ní, "Lọ ra pákó." Gbogbo ilé la dá owó inú ìrókò gidi tí mo fi kan ilẹ̀kùn tuntun.

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Lónìí, a ò tilẹ̀ jẹ́ kó dàgbà mọ́. Àwọn ará wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Bràsíìlì kò rí ìrókò níbẹ̀. Ìdí igi gameleira ni wọ́n ti ń bọ Ìrókò dòní. Àwa tí tiwa ṣì wà ńkọ́?

Mo ti gbin mẹ́rin. Kòkòrò kékeré kan máa ń jẹ́ kí ewé ọmọ ìrókò wú, kí orí rẹ̀ sì kú, pàápàá bí a bá gbìn wọ́n pọ̀ sójú kan. Nítorí náà, àárín igi obì ni mo fọ́n tèmi sí. Méjì ló kù. Mo mọ̀ pé kò ní ṣojú mi kí wọ́n tó là wọ́n sí pákó. Ẹni tí yóò pààrọ̀ ilẹ̀kùn yìí lọ́jọ́ iwájú ni mo gbìn ín fún. Ẹ̀yin náà, ẹ gbin ọ̀kan. Ire o.