Bí Omi Ìgbẹ́ Ìlú Bá Ń Ṣàn Wọ Odò Ẹ̀yìnkùlé Yín

Ọmọ Yorùbá lè ra ilé sí ìlú Ọba kí odò kékeré máa ṣàn lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Bí òjò ńlá bá dá tán, tí bébà ìnùdí há mọ́ koríko etídò, ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé ìjọba ló ni páìpù, ta ló fẹ́ bá ìjọba ṣẹjọ́? Àmọ́ láti 1989 ni ìjọba ti ta àwọn iléeṣẹ́ omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún aládàáni. Ní ti ẹjọ́, àwọn èèyàn ti pè é, wọ́n sì ti jàre.

Bí omi ìgbẹ́ ṣe ń dé odò

Ní ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ níbẹ̀, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí òjò bá pọ̀jù, omi náà máa ń gba ojú páìpù kan tó ṣí sí odò jáde, kí ìdọ̀tí má baà ru padà wọlé onílé. Ọjọ́ òjò líle ni wọ́n ṣe é fún. Síbẹ̀, ní 2023, wákàtí mílíọ̀nù 3.6 ni àwọn ojú páìpù wọ̀nyí fi da omi ẹ̀gbin jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí onílẹ̀ etídò ní

Onílẹ̀ etídò kọ́ ló ni omi tó ń kọjá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí omi náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé ará òkè odò ti bà á jẹ́.

Ẹ̀tọ́ yìí ti pẹ́. Ní 1858, ìgbẹ́ tí ìlú Birmingham ń dà sódò Tame ń pa ẹja, màlúù ò sì rí omi mu mọ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀ etídò kan, Charles Adderley, ló bá pẹjọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú ní bí wọ́n bá dá àwọn dúró, èèyàn 250,000 ni yóò jìyà. Adájọ́ Page Wood kò gbà: bó ti wù kí èrò pọ̀ tó nílùú, Ilé Aṣòfin nìkan ló lè gba ẹ̀tọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ẹgbẹ́ apẹja kan jàre ìlú Derby bákan náà. Kóòtù ní kí ìlú dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó fún wọn láyè díẹ̀ láti tún iṣẹ́ wọn ṣe.

Ìdájọ́ Stanmore

Ní 2003, onílé kan ní Stanmore, ní London, tí omi páìpù ìgbẹ́ ti ń ya bá láti 1992 fìdí rẹmi níwájú iléeṣẹ́ omi Thames Water. Kóòtù ní ọ̀rọ̀ kíkọ́ páìpù tuntun, Ofwat, àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn iléeṣẹ́ omi, ló ni ín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn iléeṣẹ́ omi fi ìdájọ́ yìí ṣe apata.

July 2, 2024

Iléeṣẹ́ tó ni Manchester Ship Canal, ipadò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, bá iléeṣẹ́ omi United Utilities fà á lórí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ojú páìpù. Kóòtù méjì ti dá iléeṣẹ́ ipadò náà lẹ́bi kí adájọ́ méje ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó yí ìdájọ́ náà padà lọ́jọ́ yìí. Wọ́n ní òfin omi 1991 fúnra rẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti da omi ìgbẹ́ tí a kò tíì sẹ́ mọ́ sínú odò. Ẹni tó pẹjọ́ kò tilẹ̀ ní láti fi hàn pé iléeṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó jáfara.

Mi ò ní jó ju bó ṣe yẹ lọ o. Kóòtù lè ní kí wọ́n san owó gbà-má-bínú dípò kí wọ́n dáwọ́ dúró, kó má baà ta ko iṣẹ́ Ofwat. Ẹ lè gba owó kí ìgbẹ́ ṣì máa ṣàn. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ tàbí omi ibẹ̀, bí onílẹ̀ tàbí ayálégbé, nìkan ló sì lè pe irú ẹjọ́ yìí. Ọmọ àdúgbò tó ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ̀rí

Láti ìparí 2023, ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí wà lára gbogbo irú ojú páìpù bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà fún gbogbo ayé. Àmọ́ kì í sọ bí omi náà ti pọ̀ tó, tàbí ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bu omi lókè ojú páìpù àti nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé àyẹ̀wò. Ẹ ya fọ́tò tó ní déètì. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ àti ìwé ilẹ̀ yín tọ lọ́yà lọ kíákíá, torí ọdún mẹ́fà ni òfin sábà ń fún olùpẹjọ́.