Ìwé Àdúrà Ọba Charles àti Ìrúkèrúdò Ìlú Edinburgh

Ìwé àdúrà kan wà tí ọba kan fi lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún 1637. Kò sí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Àdúrà àti ẹ̀kọ́ kíkà láti inú Ìwé Mímọ́ ni ó kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ kà á, àwọn olùjọsìn sọ àpótí ìjókòó sí ẹni tí ń kà á. Kò sì tó ọdún méjìlá lẹ́yìn náà tí a bẹ́ orí ọba tìkára rẹ̀. Ó dára kí gbogbo ẹni tí ń lọ sí ilé Ọlọ́run mọ bí ọ̀ràn náà ti rí.

Orúkọ ọba náà ni Charles Kìn-ín-ní. Ilẹ̀ Skọ́tlándì ni a bí i sí ní ọdún 1600, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti dàgbà. Ní ọdún 1625 ó jọba lórí ilẹ̀ méjèèjì. Ọba kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn yàtọ̀, ìjọ wọn sì yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń ṣàkóso ìjọ, Ìwé Àdúrà ni a sì fi ń sìn. Ní Skọ́tlándì, láti ìgbà àtúnṣe ìsìn ọdún 1560, àwọn àlùfáà àti àwọn alàgbà a máa pàdé ní Àpéjọ Gbogbogbòò láti pinnu ọ̀ràn ìjọ. Wọ́n ní ìwé ìlànà ìsìn tiwọn, ṣùgbọ́n àlùfáà lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ gbàdúrà. Ní ìjókòó yí tábìlì ká ni wọ́n sì ti ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa.

Ọba James, baba Charles, ti gbé agbára àwọn bíṣọ́ọ̀bù ga ṣáájú. Ní ọdún 1618 ó mú kí Àpéjọ kan ní ìlú Perth gbà pé kí àwọn ènìyàn máa kúnlẹ̀ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀. Nígbà tí ọba àgbà náà rí i bẹ́ẹ̀, kò tún fi ìwé àdúrà tuntun ni wọ́n lára mọ́. Àwọn àgbà wí pé, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè; ṣùgbọ́n Charles kò kọ́gbọ́n nínú ohun tí ojú baba rẹ̀ rí.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Skọ́tlándì ni ó kọ ìwé tuntun náà, pẹ̀lú ìmọ̀ràn William Laud, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury. A kò gbé e wá síwájú Àpéjọ Gbogbogbòò, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi lọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àṣẹ ọba nìkan ni ó mú un jáde, a sì paṣẹ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀dà méjì. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù pé Ìjọ Àgùdà ni ọba fẹ́ dá wọn padà sí. Àwọn ìjòyè náà ní ìbẹ̀rù tiwọn, nítorí láti ọdún 1625 ni ọba ti ń fẹ́ gba ilẹ̀ ìjọ àtijọ́ tí ó wà lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 23 oṣù Keje, ọdún 1637, James Hannay ṣí ìwé náà ní ilé ìsìn St Giles ní ìlú Edinburgh. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ obìnrin a máa gbé àpótí ìjókòó tiwọn lọ sí ìsìn. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà, ariwo sọ, àpótí sì ń fò lókè. Bíṣọ́ọ̀bù Edinburgh, David Lindsay, gun àga ìwàásù láti pẹ̀tù sí wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wí pé obìnrin aláte kan, Jenny Geddes, ni ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. A lé àwọn aláriwo jáde, wọ́n sì dúró lóde, wọ́n ń lu ìlẹ̀kùn, wọ́n ń sọ òkúta sí fèrèsé.

Ẹ̀bẹ̀ kíkọ sí ọba tẹ̀ lé e láti gbogbo agbègbè. Ọba kò yí padà. Nítorí náà, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì, ọdún 1638, àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ sí Májẹ̀mú kan ní ilé ìsìn Greyfriars, láti di ìsìn wọn mú. A gbé ẹ̀dà rẹ̀ kiri gbogbo ilẹ̀, àìmọye ènìyàn sì fọwọ́ sí i. Ní ìparí ọdún náà, Àpéjọ Gbogbogbòò pàdé ní Glasgow. Aṣojú ọba paṣẹ kí wọ́n túká, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó síbẹ̀; wọ́n kọ ìwé náà, wọ́n sì yọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù nípò. Ogun dé ní ọdún 1639 àti 1640, agbára ọba kò sì ká wọn. Àìní owó ogun mú kí ó pe Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín òun àti àwọn náà ní ọdún 1642. A pa Laud ní ọdún 1645, a sì pa ọba ní ọdún 1649.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé àwọn tí ó ṣẹ́gun kò ṣàì jẹ̀bi. Ní Aberdeen, àwọn ọ̀mọ̀wé ìjọ kan kò fẹ́ fọwọ́ sí Májẹ̀mú, a sì fi ọmọ ogun lọ bá ìlú náà. Ní ọdún 1640, òfin sọ fífọwọ́sí i di dandan. Ẹni tí ó kọ ipá ọba tún di ẹni tí ń fi ipá mú aládùúgbò rẹ̀.

Ohun ìyanu kan ṣẹ́kù. Ìjọ kékeré tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso ní Skọ́tlándì padà mú ètò Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa inú ìwé yẹn lò, wọ́n tún un ṣe ní ọdún 1764. Láti ọwọ́ wọn ni àdúrà náà gbà dé Ìwé Àdúrà ìjọ bíṣọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1789. Kò sí àpótí kan tí a sọ nítorí rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí yóò gbà á ni ó jókòó, tí wọ́n gbìmọ̀, tí wọ́n sì yàn án. Àdúrà tí a fi ipá gbé kalẹ̀ di ogun. Nígbà tí a fi ìfẹ́ gbà á, ó di ìsìn.