Bí Ìyá Àgbà Bá Ṣìnà Wọ Ọjà Wa, Ẹ Má Pè É Ní Àjẹ́

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti pàǹtí. Ìyá àgbà kan ló dé ìlà àwọn aláta wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn, ìró rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tú. Ó ń bi àwọn èèyàn pé, "Ta ló gba ìsọ̀ mi?" Kí a tó mọ̀, ọmọkùnrin kan ti pariwo pé ẹyẹ ló bà sílẹ̀ tó di èèyàn. Èrò pé lé e lórí, òkúta ti wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́lùbọ́ wa ló sáré wọ àárín wọn, ó ní, "Ẹ dúró! Ìyá tó ń ta àǹkárá níbí kí wọ́n tó tún ọjà kọ́ nìyí!" Ó kúnlẹ̀, ó fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè é, ìyá sì rẹ́rìn-ín. Àṣé láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń wá a kiri.

Bí ẹlẹ́lùbọ́ yẹn kò bá wá sọ́jà lọ́jọ́ náà ńkọ́? Ìyẹn ló jẹ́ ká kọ èyí.

Kí ló ń ṣe wọ́n?

Àwọn àgbà ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Wọ́n á ní, "Iyè ìyá ti ra," tàbí, "Baba ti ń ṣarán." Dementia ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Ọpọlọ ló ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àrùn Alzheimer ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn rọpárọsẹ̀ náà máa ń fà á. Ọ̀rọ̀ àná ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ti ogójì ọdún sẹ́yìn á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn arúgbó Ìdíkàn n'Íbàdàn wò. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà tó ti tó ọdún 65, bí 13 sí 14 ni àìsàn yìí ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dọọdún n'Íbàdàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó lé ní 32. Tiwa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n ó wà.

Ẹ fetí sí èyí náà: bí àgbà tí ara rẹ̀ le bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ilé ìwòsàn ni kíá. Ó lè jẹ́ ibà, tàbí kí ṣúgà ara rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, ìyẹn sì ní ìtọ́jú.

Kí ló ń gbé wọn wá sọ́jà?

Ẹni tí iyè rẹ̀ ra kì í rìn lásán, ó ń wá nǹkan ni. Ó lè máa lọ mú ọmọ tó ti di bàbá ọlọ́mọ nílé ìwé, tàbí kó máa lọ ṣí ìsọ̀. Ẹni tó ti ta aṣọ ní Gbági àtijọ́ n'Íbàdàn lè máa wá ìsọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀, bí àwọn aláṣọ tilẹ̀ ti kó lọ sí Gbági tuntun ní ọ̀nà Ifẹ̀ tipẹ́. Nítorí náà, àwa ọlọ́jà la lè tètè rí wọn ju ọlọ́pàá lọ.

Bí ẹ bá rí irú wọn

Ẹ gba iwájú rẹ̀ wá, ẹ má fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí i. Ẹ fún un ní àga àti omi lábẹ́ ibòòji, kí ẹ sì lé àwọn tó ń wòran. Ẹ má bá a jiyàn. Bí ó bá ní òun fẹ́ lọ gbọ́ oúnjẹ ọkọ òun tó ti kú, ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ sinmi díẹ̀ ná, Mààmá." Ẹ bi í ní oríkì rẹ̀ àti orúkọ àkọ́bí rẹ̀, ẹni tí kò rántí àdúgbò lè rántí ìyẹn. Ẹ wo etí ìró àti inú bùbá rẹ̀, bóyá wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù síbẹ̀.

Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà pé kó máa lọ sílé. Ẹ ránṣẹ́ sí Ìyálọ́jà, kí ẹni méjì tẹ̀ lé e dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ lè pe 112. L'Ékòó, 767 náà wà. Bí ẹnikẹ́ni bá pariwo àjẹ́, ẹ fi ara yín bò ó.

Bí tiyín bá sọnù

Ẹ má dúró. Irọ́ ni pé ó gbọ́dọ̀ pé wákàtí 24 kí ẹ tó lọ bá ọlọ́pàá. Ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo yàrá àti ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, inú igbó àti etí gọ́tà tó wà nítòsí. Ẹ máa wò dáadáa o, nítorí púpọ̀ nínú wọn kì í dáhùn bí a bá ń pè wọ́n. Kí ẹnì kan dúró sílé, ó lè padà wá. Kí àwọn yòókù lọ sí ilé tó gbé tẹ́lẹ̀, ọjà rẹ̀ àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn onímọ́tò ní gáréèjì àti àwọn ọlọ́kadà, kí ẹ dé àwọn ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò.

Kó tó ṣẹlẹ̀

Ẹ rán nọ́ńbà fóònù mọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀. Ẹ so aago kékeré mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ sọ fún àwọn aládùúgbò, ẹ má tìjú. Ẹ má so ó mọ́lẹ̀, ẹ má sì tì í mọ́lé ní òun nìkan. Iná lè ṣẹ́ yọ. Ẹ wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀: kó ṣa ẹ̀wà, kó ká aṣọ.

Ní ti ọjà wa, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí a ó máa pè bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí orúkọ wọn sì wà ní ìsọ̀ Ìyálọ́jà. A ó sọ ọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbà. Gbogbo wa là ń bẹ̀bẹ̀ pé ká dàgbà. Bí a bá sì dàgbà tí a ṣìnà, kí Ọlọ́run jẹ́ ká bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò kúnlẹ̀ kí wa. Àmín o.