Àwàdà Lórí Ọ̀ràn Ìgbà

“Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín” ni àwọn Yorùbá máa ń wí nígbà tí ohun tí ó yẹ kí ó mú omijé wá bá ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ìròyìn kàn káàkiri Nàìjíríà pé ejò kan wọ ọ́fíìsì JAMB ní Makurdi, ó sì gbé mílíọ̀nù 36 náírà mì. Owó ìjọba ni wọ́n ní ó sọnù, ọ̀ràn ẹkún sì ni. Síbẹ̀ kò pẹ́ rárá tí àwọn aláwàdà fi gbé ejò náà gun orí ìtàgé. Ìtàn náà ṣòro í gbà gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò mọ irú ejò tí ń gbé owó ìjọba mì. Láàárín nǹkan méjèèjì yìí ni ẹ̀rín ti sú yọ.

Irú àwàdà bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àlọ́ Ìjàpá. Ọ̀kánjúwà Ìjàpá kò ní ọjọ́, kò ní ọdún. Ọmọdé òní ń lóye rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí baba ńlá rẹ̀ ti lóye rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwàdà lórí ọ̀ràn ìgbà kò lè dá dúró. Ohun mẹ́ta ni ó gbára lé: ìmọ̀ tí aláwàdà àti olùgbọ́ jọ ní, ọgbọ́n tí aláwàdà fi ń yí ọ̀ràn padà, àti ìbòjú tí ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Ìmọ̀ ni ó ṣáájú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2022, Nàìjíríà àti Gánà gbá bọ́ọ̀lù ní Abuja, wọ́n ta ọ̀mì, 1 sí 1, Nàìjíríà kò sì rí ọ̀nà lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Qatar. Ní ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, aláwàdà tí ó bá dárúkọ Gánà, tí ó sì mí kanlẹ̀, ti sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tí kò gbọ́ nípa eré náà yóò kàn máa wo ẹnu àwọn tí ń rẹ́rìn-ín ni. Ìdí nìyí tí irú àwàdà yìí fi ń tètè ṣá bí ewé tí a já lórí igi. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń ṣá, ṣá o. Ní ọdún 2005 ni wọ́n yí orúkọ NEPA, iléeṣẹ́ iná mànàmáná, padà. Ṣùgbọ́n nítorí pé òkùnkùn kò bá orúkọ náà lọ, àwàdà NEPA ṣì ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwàdà tí ó dúró lórí ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan a máa bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà kú. Èyí tí ó bá rí àléébù tí ó bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà a máa pẹ́ láyé.

Ọgbọ́n ni ó tẹ̀ lé e. Ọlọ́gbọ́n aláwàdà kì í pe òpùrọ́ ní òpùrọ́. Ńṣe ni yóò gba irọ́ náà bí òtítọ́, tí yóò sì máa tẹ̀ lé e lọ títí irọ́ náà yóò fi já fúnra rẹ̀. Bí ejò bá gbé owó mì lóòótọ́, ó lè béèrè bóyá ejò náà fọwọ́ sí ìwé kí ó tó gbé e, tàbí báńkì wo ni yóò lọ pọ̀ ọ́ sí. Olùgbọ́ ni yóò dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì ni ìdájọ́.

Ẹni tí ó bá ń mú kí ará ìlú dá ẹjọ́ àwọn alágbára kò lè ṣe kí ó má wá ìbòjú. Àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́. Ní Kétu, ní Ìmẹ̀kọ, ní Ìlaròó àti káàkiri ilẹ̀ Yewa, òru Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ojú ọ̀sán. Ní ọjà ni ẹlẹ́fẹ̀ ti ń jáde, yóò kọ́kọ́ júbà àwọn òrìṣà, àwọn ìyá àti àwọn àgbà, lẹ́yìn náà ni yóò fi orin tú àṣírí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú láàárín ọdún. Ẹni tí orin bá kàn kò gbọdọ̀ bá a jà. Àwọn agbẹ́gilére pẹ̀lú kò gbàgbé ìgbà: wọ́n ń gbẹ́ kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ òfuurufú sórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde iṣẹ́ yìí ní ohun àjogúnbá fún gbogbo ayé.

Nígbà tí àwàdà kúrò ní ọjà dé orí ìtàgé, ààbò náà kò bá a lọ. Kì í ṣe aláwàdà nìkan ni èyí kàn. Ní ọdún 1964, Hubert Ògúndé ṣe eré Yorùbá Ronú. Ìtàn ọba kan ni ó fi bo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìbòjú yìí fẹ́lẹ́. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré náà, títí ìjọba ológun fi tú wọn sílẹ̀ ní 1966. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fi awò ojú ràgàjì àti agogo ńlá sọ ara rẹ̀ di ẹni ẹ̀sín, kí àwọn olówó àti oníwọra lè rí ara wọn lára rẹ̀ láìbínú. Gbénga Adébóyè, tí ó kú ní 2003, a máa fi ẹnu kan ṣoṣo sọ ohùn ènìyàn púpọ̀ lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ tí ó bá mú jù, ẹlòmíràn ni yóò dà bí ẹni tí ó sọ ọ́.

Lónìí, fóònù ni ọjà Ẹ̀fẹ̀. Aláwàdà lè ya ara rẹ̀ nínú yàrá, kí ará Ìbàdàn àti ará London sì jọ rí i ní ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́fẹ̀ ń gbé láàárín àwọn tí ó fi kọrin. Ìbà tí ó jú jẹ́ ẹ̀rí pé òun náà wà lábẹ́ ẹnìkan. Aláwàdà orí fóònù kò ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbà á bí alágbára bá bínú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò mú un bí ó bá fi aláìlágbára ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àtirí òǹwòran.

Ọ̀ràn yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ẹni tí ó bá kọ orin Ẹ̀fẹ̀ tàbí àwàdà sílẹ̀ láìkọ ìlú, ọdún àti ẹni tí ó bá wí, èèpo ni ó tọ́jú, ó da obì nù. Bí ogún ọdún bá kọjá, ọmọ iléèwé kan yóò ka ìtàn ejò tí ó gbé owó mì, yóò sì rò pé àlọ́ ni.