Kí Ni À Ń Pè Ní "Bupá"?

Ìyá ọlọ́mọ kan bi mí pé: "Ṣé lóòótọ́ ni wọn yóò bu ẹran lápá ọmọ mi?" Rárá o. "Bù" àti "apá" ló para pọ̀ di "bupá", ṣùgbọ́n kò sí ẹran tí a ń bù. Láyé ìgbóná, wọn a họ apá díẹ̀ bí ẹni sín gbẹ́rẹ́, kí oògùn lè wọlé. Bupá yìí ló lé ìgbóná lọ. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Lónìí, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ ni à ń gún ọmọ tuntun lápá. Bí ojú rẹ̀ bá lé, ẹ má fi ohunkóhun pa á. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí orúkọ lásán dẹ́rù bà yín.