Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Iye Owó Kòkó

Àgbẹ̀ tí ó gbé àpò kòkó rẹ̀ dé ìdí òṣùwọ̀n mọ̀ pé kì í ṣe òun ni yóò sọ iye tí a ó san. Òun ni ó ro oko, òun ni ó ká èso, òun ni ó sá a sí oòrùn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni yóò dá iye lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òjò àti ìkórè nìkan ni ó ń mú kí owó kòkó ga tàbí kí ó rẹlẹ̀. Lóòótọ́, ìwọ̀nyí ní ipa tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀, èyí ni iye àwọn tí ń bá ara wọn du kòkó náà ní ojú ọjà.

Ní ọdún 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Nàìjíríà àti ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, bá ara wọn dá májẹ̀mú pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ san ju iye kan lọ, àti pé kí olúkúlùkù ra ìpín tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí àgbẹ̀ bá gbé ẹrù rẹ̀ lọ, iye kan náà ni yóò bá níbẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn dà. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast pa ohùn pọ̀, wọ́n sì kó kòkó wọn pamọ́ títí di oṣù kẹrin ọdún 1938. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ kan, tí Nowell jẹ́ olórí rẹ̀, láti wádìí ọ̀ràn náà. Ìgbìmọ̀ ọ̀hún sì sọ pé kí a mú májẹ̀mú náà kúrò.

Nígbà tí ogun dé ní ọdún 1939, ìjọba gba rírà kòkó sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1947 a dá Máàkẹ́tìn Bọ́ọ̀dù ti kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà, pé kí ó máa fi owó pamọ́ ní ọdún tí ọjà bá dára, kí ó lè ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún tí ọjà bá burú. Láti ọdún 1954 ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan ti ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀. Owó kòkó ṣe iṣẹ́ rere púpọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, títí kan ilé gíga Cocoa House tí a parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965. Ṣùgbọ́n nítorí tí àgbẹ̀ kò ní oníbàárà mìíràn, kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ nígbà tí owó tí a ń san fún un kéré. Nígbà tí owó orí tún wọ̀ wọ́n lọ́rùn, àwọn àgbẹ̀ dìde ní ọdún 1968 àti 1969, èyí tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ní ọdún 1986, ìjọba pa bọ́ọ̀dù rẹ́. Àwọn oníkòkó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àgbẹ̀ lọ sí oko, iye sì ga lọ́nà ìyanu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan nínú rẹ̀ wá láti inú bí náírà ṣe rẹlẹ̀ ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n nítorí tí olúkúlùkù ń sáré, tí àyẹ̀wò sì dẹ̀, wọ́n ra èyí tí ó tútù, wọ́n ra èyí tí ó ti bu. Ẹni tí ó sá kòkó rẹ̀ gbẹ àti ẹni tí kò sá a gbẹ gba iye kan náà. Báyìí ni orúkọ kòkó Nàìjíríà bàjẹ́ ní òkèèrè.

Nítorí náà, ohun méjì ni ó ń gbè àgbẹ̀: kí oníbàárà pọ̀, kí òṣùwọ̀n àti àyẹ̀wò sì jẹ́ òtítọ́. Ọ̀kan láìsí èkejì kò tó. Ní ọdún 2024, nígbà tí ìkórè kùnà ní Ivory Coast àti ní Gánà, tọ́ọ̀nù kòkó kan ju 10,000 dọ́là lọ ní ọjà àgbáyé, kí ó tó tún wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ti gba owó sílẹ̀ lọ́wọ́ oníkòkó kan kí èso tó pọ́n ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọjà pa. Bí ogún oníkòkó tilẹ̀ wà ní ìlú, ẹnìkan ṣoṣo ni tirẹ̀.

Kí àgbẹ̀ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, kí ó máa yí i. Kí ó sá a sí oòrùn, kì í ṣe sí ojú títì, títí yóò fi máa ró bí a bá fún un ní ọwọ́. Kí ó béèrè iye lọ́dọ̀ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó tà. Kí àwọn ará abúlé sì fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra òṣùwọ̀n tiwọn, kí wọ́n máa yá ara wọn lówó ní ìgbà ọ̀wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà ta kòkó rẹ̀ lórí igi. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.