Ṣé Ẹyin Ló Ń Sọ Ọmọ Di Olè?

Bí ẹ bá dé ọjà Ìlaròó tàbí ti Ayétòrò láàárọ̀, ẹ ó rí ìyá tó ń fún ọmọ ní ẹ̀kọ mímu nídìí àtẹ. Ẹyin tó ń tà wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fún ọmọ jẹ. Ìyá àgbà ti ní ẹyin a máa sọ ọmọ di olè. Ta ló rí irú ìyẹn rí? Ẹ̀kọ lásán ni kò lè kọ́ ọpọlọ ọmọ.

Wọ́n ti dán an wò ní Guatemala, níbi tí wọ́n ti ń jẹ àgbàdo bíi tiwa. Láti 1969 sí 1977, wọ́n ń pín ẹ̀kọ onímílíìkì ní abúlé méjì, omi dídùn lásán ní méjì yòókù. Àwọn tó mu ẹ̀kọ yẹn kí wọ́n tó pé ọdún 3 ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìwé kíkà nígbà tí wọ́n dàgbà. Àwọn ọkùnrin tó mu ún kí wọ́n tó pé ọdún 2 ń gba owó iṣẹ́ tó fi ìdá 46 nínú 100 ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ.

Oúnjẹ nìkan kọ́ o! Ní Jamaica, láti 1986, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ sílé àwọn ọmọ tó rán, wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún 2. Ohun ìṣeré àfọwọ́ṣe ni wọ́n ń gbé lọ, wọ́n sì ń kọ́ ìyá láti bá ọmọ ṣeré. Lẹ́yìn ogún ọdún, owó iṣẹ́ àwọn ọmọ yẹn fi ìdá 25 nínú 100 ju ti àwọn tí wọn ò bẹ̀ wò.

Ọmú nìkan tó fún oṣù 6. Lẹ́yìn náà, kí ìyá máa fi ẹ̀wà, ẹja gígún tàbí ẹyin tó jinná kún un, láìjá ọmú. Kó sì máa bi ọmọ léèrè nídìí àtẹ pé, “Kí ni Màmá ń tà yìí?” Ọmọ oṣù 9 kò lè dáhùn, àmọ́ ó ń gbọ́.